Owó Ìrànwọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìdílé Yorùbá ní Àbújá àti Òkè Ọya

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada, títí dé Sabon Gari ti Kano àti ti Zaria, ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ rí owó ìrànwọ́ gbà kì í sábà jẹ́ pé owó náà kò sí. Ìwé ọmọ ni kì í bá ara wọn mu. Orúkọ tó wà lórí NIN yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí èsì WAEC, ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB kì í ṣe ìpínlẹ̀ bàbá, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n sì fi sílẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù wọ̀nyí, ó sì ń dùn mí nígbà tí ọmọ tó mọ̀wé bá pàdánù owó ọdún kan gbáko nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé, kí n tó dé orí owó fúnra rẹ̀.

Irú owó tí ẹ ń béèrè

"Owó ìjọba" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ni, ojúṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn kò dọ́gba. Èkíní ni ẹ̀yáwó, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá padà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NELFUND ló ń bójú tó o. Èkejì ni bọ́sárì, owó tí ìpínlẹ̀ abínibí ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọn kì í gbà padà. Ẹ̀kẹta ni sikọ́láṣípù, tí ilé-iṣẹ́, àjọ tàbí ìjọba ń fún ẹni tó bá tayọ nínú ẹ̀kọ́ tàbí nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. Ọmọ kan lè béèrè ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kí ó ka ìlànà ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn sikọ́láṣípù kan wà tí kì í gba ẹni tó ti ń jẹ òmíràn lọ́wọ́.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì yẹ kí ó dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé ìkànnì ti ṣí. Ẹ kó ìwé ọmọ náà jọ sórí tábìlì kan: ìwé NIN, èsì WAEC tàbí NECO, èsì JAMB àti lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àti orúkọ tí báǹkì ní lórí BVN rẹ̀. Ẹ fi wọ́n wéra ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní wíwò fìrí.

Ní Òkè Ọya, àṣìṣe mẹ́ta ni mo máa ń bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ ni orúkọ Mùsùlùmí tí akọ̀wé kọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kọ ọ́: Rasheedat di Rashida, Sulaimon di Sulaiman, Muhammed di Muhammad. Èkejì ni pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà Haúsá, orúkọ tí bàbá fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ni àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń fi ṣe orúkọ ìdílé ọmọ, tó fi jẹ́ pé ọmọ ilé Àlàó tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ganiyu yóò jẹ́ Kẹ́hìndé Ganiyu lórí ìwé kan, yóò sì jẹ́ Kẹ́hìndé Àlàó lórí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni orúkọ Yorùbá tí a gé kúrú, Olúwaṣeun níhìn-ín, Ṣeun lọ́hùn-ún. Ènìyàn lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà tí ń yẹ ìwé wò kò mọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi orúkọ tó wà lórí èsì WAEC tàbí NECO ṣe òpó, nítorí pé òun ló ṣòro jù láti yí padà, kí ẹ sì tún NIN ṣe kí ó bá a mu. Inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ olùdánwò yọ, nítorí náà ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà ní àǹfààní ńlá bí ó bá lè ṣe àtúnṣe yìí ṣáájú. Orúkọ ṣeé tún ṣe lórí ìkànnì NIMC, àjọ tó ń bójú tó NIN, tàbí ní ọ́fíìsì wọn, èyí tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Wuse níhìn-ín ní Àbújá. Ọjọ́ ìbí náà ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti orúkọ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, wọ́n yóò sì béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè. Nígbà tí NIN bá ti tọ́ ni kí ẹ tó lọ sí báǹkì fún BVN, torí ìwé NIN tuntun náà ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Àkáǹtì tí owó yóò wọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ náà gan-an, ní báǹkì tó ní ẹ̀ka tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀, tí NIN àti BVN rẹ̀ sì ti so mọ́ ọn. Àpamọ́wọ́ orí fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà fóònù ti fa ọ̀pọ̀ ìdádúró fún àwọn ọmọ, nítorí pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í wọlé síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ abínibí

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ ka apá yìí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àbújá, tó kàwé ní Àbújá, tí kò tíì sùn ní ìlú bàbá rẹ̀ rí, kò di ọmọ ìbílẹ̀ Àbújá nítorí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, bíi Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ni ilẹ̀ yìí, ni sikọ́láṣípù ti Olú-ìlú wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Kaduna, Niger, Kano àti Plateau. Ibi tí bàbá ti wá ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni bọ́sárì rẹ̀ wà.

Àwọn òbí kan, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ rọ́nà wọ yunifásítì, máa ń gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, wọn á sì kọ ìpínlẹ̀ náà sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Nígbà tí ọmọ bá wá fẹ́ béèrè bọ́sárì ní Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tó wà lórí lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ̀ yóò sọ pé kì í ṣe ọmọ wọn. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, ó ń pa ọmọ lára fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. JAMB ń gba àtúnṣe ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ fún owó díẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn tàbí ibùdó ìdánwò tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kò ní irọ́ nínú. Ìwé ẹ̀rí bàbá tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1985 lè gbé orúkọ ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́, ìgbà náà náà ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, tí Kabba, Mopa àti Isanlu fi kúrò lábẹ́ Kwara. Èkìtì sì kúrò lára Oǹdó ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ọmọ tó bá wo ìwé bàbá rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù yóò kọ Kwara níbi tó yẹ kí ó kọ Kogi. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn ọmọ Òkun, ìyẹn àwọn Yorùbá Kogi, tó ń gbé níhìn-ín.

Láti gba ìwé náà, ẹ fi ìgbà Iléyá tàbí Kérésìmesì tí ẹ bá lọ sílé ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣírò ọjọ́ iṣẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ má baà dé sekitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ mú ọmọ náà dání, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ohun tí yóò fi orúkọ agbolé yín hàn; níbi púpọ̀, wọ́n á fẹ́ kí baálé tàbí olóyè àdúgbò jẹ́rìí. Ẹni tí kò bá lè rìnrìn àjò kí ó kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì aṣojú ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá, nítorí wọ́n lè sọ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ìbátan tó bá ṣojú fún un.

Ẹ̀yáwó NELFUND

Òfin àkọ́kọ́ lórí ẹ̀yáwó yìí, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ìdènà púpọ̀: ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 500,000 náírà lọ nìkan ló lè béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mú oníduùró wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì mú ìdènà méjèèjì yìí kúrò. Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé títí di òní ni mo ń bá òbí pàdé tó ń sọ pé owó oṣù òun ti pọ̀ jù tàbí pé òun kò rí oníduùró, tó sì ti fi ìyẹn dá ọmọ rẹ̀ dúró. Wọn kò béèrè rẹ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pólí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ló lè béèrè. Ọmọ tó wà ní yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé rárá, kókó yìí sì ṣe pàtàkì fún àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn wọn kò gbà wọ́n láyè láti bá èlé da nǹkan pọ̀. Apá méjì ni owó náà ní. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́, kò ní gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Owó ìtọ́jú, tó jẹ́ 20,000 náírà lóṣù, ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ lè mú ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, ó sì lè mú méjèèjì.

Kí ẹ tó ṣí ìkànnì, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yàn sídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n ti fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí NELFUND. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tíì fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́, ìkànnì yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i. Nígbà tí èyí bá ti yanjú, kí ọmọ lọ sí ìkànnì tó parí sí nelf.gov.ng, kí ó fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì. Kì í ṣe ímeèlì ẹni tó ni káfé, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìròyìn yóò máa wọlé sí fún ọdún púpọ̀. Yóò yan ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò fi nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN àti BVN sí i, yóò gbé lẹ́tà ìgbaniwọlé àti káàdì akẹ́kọ̀ọ́ sókè, yóò sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì. Lẹ́yìn náà ni yóò dé ojú ewé àdéhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fọwọ́ tẹ "mo gbà" níbẹ̀. Àṣẹ kan wà nínú àdéhùn náà tí ọmọ ń fún báǹkì, pé bí ó bá kọ̀ láti san owó náà nígbà tí àsìkò tó, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó so mọ́ BVN rẹ̀. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá parọ́ fún àjọ náà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kí òbí àti ọmọ kà á pọ̀.

Ọdọọdún ni ìbéèrè yìí. Ẹni tó gbà á ní ọdún kìíní gbọ́dọ̀ padà wá béèrè fún ọdún kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa retí owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ó ṣe san án padà

Àjọ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó padà títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Bí ó bá ti ríṣẹ́ nígbà náà, agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe òwò tirẹ̀, ìdá mẹ́wàá èrè oṣooṣù ni. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ lè búra nílé ẹjọ́ pé òun kò ní iṣẹ́, òun kò sì ní owó tó ń wọlé, kí wọ́n lè sún ìgbà náà síwájú. Bí ẹni tó yá owó bá kú, ó parí síbẹ̀; wọn kò ní gbé gbèsè náà lé ìdílé rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan jẹ́ 100,000 náírà lọ́dún, ó ń gba owó ìtọ́jú fún oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, ó sì lo ọdún mẹ́rin. Owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò jẹ́ 400,000 náírà, owó ìtọ́jú yóò jẹ́ 640,000 náírà, àpapọ̀ gbèsè sì jẹ́ 1,040,000 náírà. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ń san 150,000 náírà lóṣù, 15,000 náírà ni wọn yóò máa yọ, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́fà kí ó tó san án tán. Bí ó bá jẹ́ pé owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, èyí tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, ni wọ́n ń san fún un, 7,000 náírà ni wọn yóò máa yọ, yóò sì gbà á ju ọdún méjìlá lọ.

Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa: owó ìtọ́jú ló pọ̀ jù nínú gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn rò pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni. Nítorí náà, bí ìdílé bá lè bọ́ ọmọ, bí ó tiẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì àti gàárì láti ilé, mo gbà wọ́n nímọ̀ràn kí ó mú owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò lè kàwé, mi ò sì ní sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó fi owó ìtọ́jú sílẹ̀. Ó sì dára ká rántí pé, níwọ̀n bí kò ti sí èlé, 100,000 náírà tí a yá lónìí ni 100,000 náírà tí a ó san lọ́dún méje sí i, nígbà tí ọjà ti gbówó lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀yáwó mìíràn tí mo mọ̀ ní ìta tó fi ara jọ èyí.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba owó lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó NELFUND máa ń dé lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé, tí bàbá sì ti tọrọ owó kiri san án kí ọmọ lè ṣe ìdánwò. Owó kan náà ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ọmọ náà ni yóò sì san ẹ̀yáwó padà. Mo mọ ìdílé kan níhìn-ín tó dúró ju ọdún kan lọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà pé owó náà dé. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìwé. Bí ìkànnì bá fi hàn pé wọ́n ti san owó, ẹ tẹ ojú ewé náà sórí ìwé, ẹ so rísíìtì tí ẹ fi ọwọ́ yín san mọ́ ọn, kí ọmọ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìṣirò owó, kí ó sì béèrè ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n dá owó padà, tàbí kí wọ́n kà á mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí èsì, kí ó fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí NELFUND. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ojú fèrèsé ọ́fíìsì kì í gbé ẹjọ́ dé ibì kankan.

Bọ́sárì ìpínlẹ̀

Èkó, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara ní bọ́ọ̀dù sikọ́láṣípù tiwọn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló ń ṣe é. Wọn kì í ṣí fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ kan náà, ọdún mìíràn sì wà tí ìpínlẹ̀ kan kò ní ṣí i rárá, nítorí náà ẹ má fi owó bọ́sárì sínú ìṣirò owó oúnjẹ ọdún yìí. Àwa tí a wà lókèèrè kì í gbọ́ ìkéde rédíò ilé, ó sì máa ń jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ti pa dé kí ìròyìn tó kàn wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Àbújá, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ yín nínú ọgbà yunifásítì, ni wọ́n máa ń tètè mọ̀; kí ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ọdún kìíní.

Ìwé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́tà ìgbaniwọlé, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ àti èsì sáà tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Àwọn kan ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fara hàn fún àyẹ̀wò. Ọmọ tó wà ní Zaria tàbí Maiduguri gbọ́dọ̀ fi owó ọkọ̀ wé owó tí yóò gbà, kí ó lè mọ̀ bóyá ìrìn àjò náà tó bẹ́ẹ̀.

Sikọ́láṣípù

Ohun kan ló ṣe pàtàkì jù níbí: èsì ọdún kìíní. MTN Foundation, fún àpẹẹrẹ, ń wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí CGPA rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ èsì gbogbo sáà tó ti kọjá, kò rẹlẹ̀ ju 3.5 nínú 5 lọ. Ọmọ tó fi ọdún kìíní ṣeré kò ní lè gbé e dé ibẹ̀ ní ọdún kẹta. PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní sikọ́láṣípù nínú ìmọ̀ epo rọ̀bì, àti Bọ́ọ̀dù Sikọ́láṣípù ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Àbújá níhìn-ín, àwa tí a ń gbé ìtòsí wọn sì lè lọ ka ìkéde wọn lójúkojú, kí a sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, dípò kí a gba ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbọ́. Nínú àròkọ tí wọ́n bá ní kí ọmọ kọ, kí ó sọ ohun tí òun gan-an ti ṣe, kí ó má sì da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ.

Àwọn tó ń gbowó

Fọ́ọ̀mù NELFUND kò ní owó nínú. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí orúkọ lè tètè jáde, tàbí tó ní òun mọ ẹnì kan nílé-iṣẹ́ náà, olè ni. Bí ẹ bá lo káfé, owó iṣẹ́ káfé nìkan ni kí ẹ san, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ẹ̀rọ, kí ó sì rí i pé òun ti jáde nínú ìkànnì kí ó tó dìde. Nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ má kà á sí ẹnikẹ́ni létí.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ ra fáìlì kan fún ọmọ náà. Kí ó máa tẹ ojú ewé tó fi iye tí wọ́n ti san fún un hàn sórí ìwé ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi sínú fáìlì náà pẹ̀lú rísíìtì ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó bá gba ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀, ibẹ̀ náà ni kí ó fi í sí, torí pé láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọn yóò ti ka ọdún méjì náà.